Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Ibi tí Díìṣì Yóò Dúró sí ní Ilé Wa n'Íbàdàn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Díìṣì tẹlifíṣọ̀n oní-sẹ̀ǹtímítà 90, LNB rẹ̀ (orí kékeré tí ó ń gba sígínà níwájú díìṣì) àti wáyà ti wà nílẹ̀. Ibi tí n óò gbé e kọ́ ni mo ń rò, òkè òrùlé sì ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ń tọ́ka sí. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti ṣẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí ní ọdún 1959 ni àwọn ènìyàn ti ń so éríà mọ́ orí ọparun gígùn, nítorí pé orí ilẹ̀ ni òpó tí ó ń fọ́n àwòrán náà ká wà, bí éríà bá sì ṣe ga tó ni àwòrán yóò ṣe mọ́ tó. Ọ̀rọ̀ díìṣì yàtọ̀ pátápátá. Sátẹ́láìtì tí DStv ń lò wà ní 36° ìlà-oòrùn, ní nǹkan bí kìlómítà 35,786 lókè ìlà agbedeméjì ayé. Mítà mélòó kan tí òrùlé fi ga ju ògiri lọ kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ojú ọ̀run tí nǹkan kan kò dí, àti ìdúró tí kò ní mì, ni díìṣì ń fẹ́.

Ọjọ́ Àìkú

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti Ìbàdàn, díìṣì gbọ́dọ̀ kọjú sí nǹkan bí 102° lórí kọ́ńpáàsì, ìyẹn ìlà-oòrùn tí ó yẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù, bí ẹni ń wo apá Oǹdó, kí ó sì gba sígínà láti nǹkan bí 52° sókè. Igun yìí ga, àǹfààní ńlá sì ni: ohun tí ó wà ní mítà 5 sí díìṣì kò lè dí i, àfi bí ó bá ga jù ú lọ ní mítà 6 àti díẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà lódìkejì ọ̀nà kò dá mi lẹ́rù rárá. Igi máńgòrò aládùúgbò ni mo ń ṣọ́, nítorí pé igi a máa dàgbà, omi inú ewé a sì máa gba sígínà mọ́ra. Bí mo bá dúró ní apá òsì ẹ̀yìnkùlé, ṣóńṣó rẹ̀ ti dé 45°. Ní igun ọ̀tún, kò ju 30° lọ. Igun ọ̀tún ni mo yàn. (Ẹni tí yóò bá lo kọ́ńpáàsì, kí ó jìnnà sí páànù àti jẹnẹrétọ̀, nítorí irin a máa fa abẹ́rẹ́ rẹ̀.)

Ọjọ́ Ajé

Ara ògiri ni n óò kàn án mọ́. Ihò tí a bá lu sára páànù ni òjò máa ń wá, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí ó ń jà ní oṣù kẹta àti ìkẹrin a sì máa gba abẹ́ díìṣì bí agboòrùn tí a ṣí. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè di bóòtù mú pẹ́, nítorí náà òpó kọ́ńkéré igun ilé ni mo lu. Mo fi í sí nǹkan bí mítà 2 sí ilẹ̀: bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé kò ní tètè bà á, àpótí kékeré sì tó láti dé ibẹ̀ nígbà tí eruku ọyẹ́ bá bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Páìpù tí yóò gbé díìṣì dúró ti wà lára òpó náà. Mo fi ìwọ̀n bíríkìlà yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé bí páìpù bá fì síbì kan, gbogbo ìgbà tí a bá yí díìṣì sọ́tùn-ún tàbí sósì ni gíga ojú rẹ̀ yóò máa yí pẹ̀lú. Àwo náà kò dà bí ohun tí ó gbójú sí 52°. Ó nàró ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni apá LNB ti yọ, òǹkà igun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti ṣe ìṣirò ìyẹn mọ́ ọn.

Ó ku kí n fa wáyà wọlé, kí n jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ ihò ògiri kí omi lè máa kán síta, kí n sì fi wáyà so páìpù mọ́ ilẹ̀ nítorí mànàmáná. Lẹ́yìn náà ni n óò máa yí díìṣì díẹ̀díẹ̀ títí òǹkà sígínà yóò fi dé góńgó. Òjò ńlá yóò ṣì máa gbé àwòrán lọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n díìṣì tí ojú rẹ̀ tọ́ dáadáa a máa pẹ́ kí ó tó pàdánù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kánjú níbẹ̀.