720720, nọ́ńbà tí kì í dá ìjà sílẹ̀

Sátidé tó kọjá mo tẹ̀lé màmá mi lọ s'ọ́jà Olúwo níbí l'Ẹ̀pẹ́, òun àtàwọn mẹ́fà míì dáwó ra ẹja yíyan ọgọ́rùn-ún, a wá ń pín in sórí pépà sìmẹ́ńtì, mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá, bó ṣe ku méjì nìyẹn o. Ẹja méjì péré, ariwo ta! Ìgbà tí màmá mi mú ọ̀bẹ ló tó rọlẹ̀.

Nígbà tá à ń lọ sílé ni mo sọ fún wọn pé, Màámi, nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì o, ẹ jẹ́ méje o, ẹ jẹ́ mọ́kànlá o, títí dórí mẹ́rìndínlógún, á pín dọ́gba, ìrù ẹja kan ò ní ṣẹ́kù. Wọ́n ní èló ni? Mo ní 720720. Wọ́n ní kí n kà á bí èèyàn. Mo ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì ó lé ọ̀rìndínlẹ́gbẹ̀rin (ọ̀kẹ́ kan, ogún ẹgbẹ̀rún ni), ìgbà yẹn ni wọ́n wá kanlẹ̀ fetí sílẹ̀.

Ó sì kéré jù lọ nínú gbogbo nọ́ńbà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Torí tẹ́ ẹ bá kàn sọ oókan títí dé mẹ́rìndínlógún di púpọ̀ ara wọn, ohun tẹ́ ẹ máa rí á lé ní trílíọ̀nù ogún. Kò pọn dandan! Ẹni tó bá ti pín sí méjì àti mẹ́ta ti pín sí mẹ́fà náà nìyẹn, kí la tún ń wá mẹ́fà kún un fún? Ohun tí kò tíì sí níbẹ̀ nìkan lẹ máa fi kún un, ó kù sí 16 × 9 × 5 × 7 × 11 × 13. Ẹ wá wò ó dáadáa: 16 × 9 × 5 jẹ́ 720, 7 × 11 × 13 jẹ́ 1001, nọ́ńbà olójú mẹ́ta tẹ́ ẹ bá sì sọ di ìlọ́po 1001 á kọ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 720, 720. Ó rẹwà jàre.

Àwọn nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù jẹ́ 240, kò sì sí nọ́ńbà tó kéré sí i tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ramanujan, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Íńdíà, kọ̀wé lórí irú wọn lọ́dún 1915.

Màmá mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Táwọn bá wá di mẹ́tàdínlógún ńkọ́?"

Ìbéèrè gidi! Mẹ́tàdínlógún ò sí nínú ẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kékeré tẹ́ ẹ lè fi kọ́ ọ, oókan àtòun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: kálukú á mú 42,395, á ku márùn-ún. "Márùn-ún kẹ̀! Ta ló máa mú un?" Mo ní ká sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po mẹ́tàdínlógún, ó di 12,252,240. Wọ́n ní méjìdínlógún ńkọ́. Mo ní ìyẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, méjì àti mẹ́sàn-án ni.