Bí Gílóòbù Bá Tàn, Iṣẹ́ Ò Tíì Parí

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, máa ń rò pé ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá yá jù ló ń gbégbá orókè níbi ìdíje iṣẹ́ ọwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìdíje láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́, a sì ti jọ jókòó ti ìwé máàkì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ òbí ka ìdíje yìí sí eré lásán.

Ẹ wo bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ nígboro. Oníbàárà dúró tì ẹ́, ó fẹ́ tètè dé ọjà Ìgbọ̀nà. O fa wáyà, o so bíréékà, o tan án. Gílóòbù tàn, owó wọlé, ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, dé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilé náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọjọ́ tí ìyá ilé á fi ọwọ́ tútù kan fìríìjì.

Níbi ìdíje tí wọ́n bá ṣe dáadáa, o ò gbọdọ̀ tanná rárá àfi tó o bá ti fi mítà hàn wọ́n pé wáyà ẹ́ẹ̀tì ò já níbì kankan, àti pé iná ò jò láti wáyà kan sí èkejì. Wáyà ilé tó ń lo 230 vólítì, 500 vólítì la fi ń dán an wò, mítà ò sì gbọdọ̀ fi ohun tó dín sí megaohm 1 hàn; ìyẹn la fi ń wọn bí ara wáyà ṣe ń dènà iná tó bá fẹ́ jò. Wàá kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, wàá fọwọ́ sí i. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí kì í fẹ́ fi iṣẹ́ jákujàku sílẹ̀ mọ́, torí orúkọ ẹ̀ ti wà lórí ẹ̀.

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni wíwá àléébù. Wọ́n á gbé pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tí wọ́n to ohun èlò iná sí, tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ síwájú ẹ, aago á sì máa lọ. Ẹni tí ò tíì ṣe é rí á ki súkúdíráfà mọ́lẹ̀, á máa tú gbogbo ẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ẹnjinníà iná ní yunifásítì pé kí ló kọ́kọ́ ṣe.

"Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mà. Mo kọ́kọ́ wo ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Inú mi dùn gan-an. Kọ́ńtátọ̀, ìyẹn súìṣì tó ń gbé iná fún mọ́tò, ń gbé e tó bá tẹ bọ́tìnnì, ó sì ń jù ú sílẹ̀ tó bá yọ ìka. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́tò ò ní àléébù, iná sì ń wọlé. Ojú ibi tí kọ́ńtátọ̀ fi ń di ara ẹ̀ mú ni kó o lọ wò. Ó mọ gbogbo èyí kó tó fọwọ́ kan ìdè kankan.

WorldSkills ló gbajúmọ̀ jù nínú irú ìdíje yìí. Ní 1950, Spéènì àti Pọtogí jọ figagbága ní Madrid. Ní 2024, Lyon ni wọ́n ti ṣe é, ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, wọn kì í gba ẹni tó ti ju ọmọ ọdún 22 lọ. Máàkì tí rúlà àti mítà lè sọ wà lọ́tọ̀, èyí tí ojú àwọn àgbà oníṣẹ́ máa dá wà lọ́tọ̀.

Òṣogbo ló yẹ kó tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú wa níbí ni ilé ìdarí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Nọ́ńbà làwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru, kó má baà jìnnà sí 50 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de owó ńlá. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan, ẹ so kọ́ńtátọ̀ àti bọ́tìnnì mọ́ ọn, ẹ fi àléébù mẹ́ta pamọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fún ọmọ méjì ní mítà kan àti wákàtí kan. Kí ẹni tó máa fún wọn ní máàkì má jẹ́ ẹni tó kọ́ wọn. WorldSkills ń gbé iṣẹ́ ìdíje tó ti kọjá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ò bá ní mítà, kó wá yá tèmi lọ́jọ́ Sátidé.