Luna Park ní Sydney: ẹ̀rín lẹ́nu géètì, ìrántí lẹ́yìnkùlé

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mo dé sí ní Sydney, ní Ọsirélíà. Ọmọ wọn ọkùnrin kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 13 ni, kí n tó wọ bàálù rárá ló ti ń pè mí lórí fóònù pé tí mo bá ti dé, Luna Park, ọgbà ìṣeré ńlá tó wà létí omi níbẹ̀, la máa kọ́kọ́ lọ o, ilé Opera tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ yẹn ò sá lọ. Mo ní kò burú. Àmọ́ èmi náà ní ìdí tèmi tí mo fi fẹ́ débẹ̀, torí mo ti kà nípa iná kan tó jó níbẹ̀ nígbà kan, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń rántí àwọn tó bá a lọ.

Sátidé la lọ. Wynyard la ti wọ réluwéè, ìdúró kan péré ni sí Milsons Point, àmọ́ ìdúró kan yẹn tó ìrìnàjò lọ́tọ̀ torí orí afárá Harbour Bridge ló gbà, irin ńláńlá lókè orí yín, omi nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń lọ ń bọ̀, tí ẹ bá sì jókòó sápá òsì ẹ ó kàn déédéé rí ojú gbàǹgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín létí omi. Ojú yẹn ni Luna Park. Ilé gogoro kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, òmíràn lápá òsì, ẹnu là sílẹ̀ pẹ̀lú eyín, inú ẹnu yẹn gan-an lèèyàn ń gbà wọlé. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1935 ni wọ́n ṣí i. Glenelg, ní ìpínlẹ̀ South Australia, ni wọ́n ti tú àwọn ẹ̀rọ ìṣeré náà kó wá, wọ́n wá tò wọ́n sórí ilẹ̀ tí àwọn tó kọ́ afárá ti ń ṣiṣẹ́ irin tẹ́lẹ̀, torí 1932 ni wọ́n ti ṣí afárá, wọn ò nílò ibẹ̀ mọ́.

Mi ò ní pẹ́ lórí eré tá a ṣe. A wọ Coney Island, ilé ìṣeré àtijọ́ tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, pákó ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó jókòó sórí àpò, ẹ ó wá máa yọ̀ bọ̀ látòkè tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn ìyẹn ọmọ náà ní Wild Mouse ló kàn, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí irin, tó bá dé kọ́nà á dà bíi pé ó fẹ́ yà bọ́ sínú òfuurufú. Àǹtí ò gun nǹkankan. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ohun tó ń mi èèyàn jìgìjìgì, wọ́n gba báàgì wa, wọ́n ní ká lọ tò, àwọn ń lọ ra áìsíkiriìmù dè wá.

Orí ìlà yẹn ni mo ti bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, pé ibo ni ìrántí àwọn tó kú nínú Ghost Train wà. Kò yà á lẹ́nu, kò sì bínú, ó ní kò sí nínú ibí, ìta ni, ó fọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Àmọ́ ìyá kan tó wà lẹ́yìn wa gbọ́ ohun tí mo béèrè. Ó ní, "Ghost Train wo? Àwọn wo ló kú?" Ó ní ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tóun ti kó àwọn ọmọ òun wá síbẹ̀, òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ ní òun mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹni tó dàgbà ní Sydney ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ kí ló dé tá a fi fẹ́ máa sọ ọ́ níbí, ṣebí eré la wá ṣe, àwọn ọmọdé ń gbọ́. Kò sọ ọ́ tìbínú tìbínú o. Ó kàn fẹ́ kí ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọ rẹ̀ dùn délẹ̀. Mo dákẹ́, mo ní ẹ má bínú sà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kàn wà lọ́kàn mi títí tá a fi gun Wild Mouse yẹn tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìtàn náà, bó ṣe lọ nìyí. Alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1979, nígbà tí aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, ni iná sọ nínú Ghost Train, ìyẹn réluwéè kékeré tó ń gbé èèyàn wọ inú ilé òkùnkùn tí wọ́n ti ń fi ère àti ariwo iwin dẹ́rù bà wọ́n. Èèyàn 7 ló kú. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé Waverley College, ọmọ ọdún 13 ni wọ́n, márùn-ún ni wọ́n jọ jáde nílé, ẹnì kan ṣoṣo ló padà sílé. Àwọn mẹ́ta tó kù, bàbá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ni, ọ̀kan ọmọ ọdún 6, èkejì ọmọ ọdún 4, ìgbèríko ni wọ́n ti wá gbafẹ́ nílùú ńlá. Ìyá àwọn ọmọ náà bá wọn wá, àmọ́ kò bá wọn wọ Ghost Train, ó yà lọ ra áìsíkiriìmù, ìgbà tó máa fi padà dé iná ti gba ilé náà kan.

Ohun tó tún wá dá kún un ni pé títí dòní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló dá iná náà sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tètè sọ pé iná mànàmáná ni, àmọ́ adájọ́ tó wádìí ikú wọn lọ́dún yẹn ní òun ò lè sọ ohun tó fà á. Lọ́dún 1987 àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn ńláńlá bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ìwádìí táwọn ọlọ́pàá ṣe. Lọ́dún 2021 ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, gbogbo ìlú tún gbóná, àwọn ọlọ́pàá New South Wales sì kéde pé ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ gidi wá máa gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀! Ẹ wo bí òkú ọ̀fọ̀ ṣe ń rí nílé ẹni, kì í gbó, ọdún ò lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àná.

Nígbà tá a gun tán, a jáde lọ sí Art Barton Park, páàkì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Luna Park ni, orúkọ ayàwòrán tó kun Luna Park fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ère ìrántí wọn wà, Michael Snape ló ṣe é. Ibẹ̀ dákẹ́, àmọ́ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ tó pa rọ́rọ́, torí ariwo àwọn tó ń gun nǹkan ní Luna Park ṣì ń dé ibẹ̀, ẹ ó kàn máa gbọ́ igbe àwọn ọmọdé, igbe ayọ̀ ni, àmọ́ níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, etí yín ò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ó gbà mí lára.

Mo sọ ìtàn náà fún Àǹtí àti ọmọ wọn níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi áìsíkiriìmù, Àǹtí wo ike tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sọ nǹkankan, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Ọmọ náà bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mo ní àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn jẹ́, mo ní 13, ó ní "bíi tèmi", ó wá lọ dúró síwájú ère yẹn fúnra rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, kò ya fọ́tò.

Mo jókòó, mo ń wo àwọn tó ń kọjá. Tọkọtaya kan wá jẹ búrẹ́dì, wọ́n ya fọ́tò afárá, wọ́n lọ, mi ò rò pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n jókòó sí. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń fa ajá rìn dúró nígbà tó rí wa níwájú ère, ó ní ṣé ẹbí wọn ni wá ni, a ní rárá, àlejò ni wá. Ó ní ọmọdé lòun lọ́dún 1979, ìyá òun ò sì gbà kóun dé Luna Park mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ìgbà tóun bímọ tòun lòun tó tún gba ẹnu yẹn wọlé, òun sì kọ́kọ́ kó wọn wá síbí ná. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé ìta ni wọ́n gbé e sí, pé ẹni tí kò bá wá a kò lè rí i.

Ibẹ̀ lèmi náà wà pẹ̀lú ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ọkùnrin orí ìlà yẹn ń sọ, ó ní ọmọ, mi ò lè bá a jà. Àmọ́ àwọn 7 yẹn náà, eré ni wọ́n wá ṣe. Ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín yẹn náà ni wọ́n gbà wọlé. Tá a bá wá ní kí ìrántí wọn má wọ inú eré, a jẹ́ pé a tún ti wọn jáde lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó yẹ kó wà nínú géètì, kódà tó bá jẹ́ igi kan péré àti àga kan lábẹ́ rẹ̀, níbi tí òbí tó ń sinmi á ti bá a pàdé láìwá a.

Kì í ṣe Sydney nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí o. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2016, èèyàn 4 kú lórí eré omi kan ní Dreamworld, ní Gold Coast, ní Queensland. Ṣe ni àwọn aráàlú ń to òdòdó sí ẹnu géètì, òdòdó lórí òdòdó. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn tó ni ibẹ̀ ní àwọn fẹ́ ṣí i padà láti fi ṣe ọjọ́ ìrántí, àwọn èèyàn fárígá pé ó ti yá jù, wọ́n fagi lé e, ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ni wọ́n tó ṣí i. Lọ́dún 2020 ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ náà san owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.6 dọ́là Ọsirélíà. Mo ń ro àwọn òdòdó yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn aráàlú ibi tó yẹ kí wọ́n tò wọ́n sí, ẹnu géètì lẹsẹ̀ wọn gbé wọn lọ.

Láti ibẹ̀ a gba etí omi Lavender Bay, ìrìn díẹ̀ ni, àwọn ère kéékèèké wà lójú ọ̀nà tí wọ́n fi àwọn èèyàn inú kọ́míìkì ṣe, iṣẹ́ Peter Kingston, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tó fẹ́ràn Luna Park dénú. A gun òkè wọ ọgbà Wendy Whiteley. Ẹ̀yin ará, ẹ débẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ Sydney. Ayàwòrán ni Brett Whiteley, òun àti Wendy ti jọ fẹ́ra, ó kú lọ́dún 1992. Ọ̀fọ̀ yẹn ló lé Wendy jáde sórí ilẹ̀ réluwéè tó kún fún igbó àti pàǹtírí níwájú ilé rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀, kò gbàṣẹ, ó kàn ń ro ó, ó ń kó pàǹtírí, ó ń gbin nǹkan, owó ara rẹ̀ ló ń ná. Lọ́dún 2001 ọmọbìnrin wọn tún kú. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n da eérú àwọn méjèèjì sí, kò sì sọ ojú ibi tó wà fáráyé. Ọdún 2015 ni ìjọba tó fi ilẹ̀ náà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ North Sydney fún ọgbọ̀n ọdún, pé wọ́n lè tún fi ọgbọ̀n lé e.

Ọ̀fọ̀ ló bí ọgbà yẹn, àmọ́ àwọn ọmọdé ń sáré nínú ẹ̀, èèyàn ń jẹun lábẹ́ igi ọ̀pẹ, ẹnì kan ń kàwé, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo. Tẹ́ ẹ bá dúró lókè, ẹ ó rí Luna Park láàárín ewé. Àǹtí jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Wọ́n ní, "Obìnrin yìí ò sin ín síbi tí kò sẹ́ni tó máa dé."

Ìgbà tá a ń padà lọ wọ réluwéè ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti tan iná sí ojú yẹn, ọmọ náà ní ṣé òun lè gun Ferris wheel ẹ̀ẹ̀kan péré ká tó lọ. Mo rò pé Àǹtí máa ní rárá, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n kó gbogbo báàgì fún mi, wọ́n ní ká lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọ ọ̀kan. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń gbé wọn lọ sókè, Àǹtí di ọwọ́ ọmọ náà mú, ọmọ náà sì ń fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí afárá.