Sálúbàtà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀

Láàárọ̀ yìí, nínú mọ́tò tó ń ti Ìdànrè bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, aboyún kan jókòó tì mí. Sálúbàtà ọkùnrin ló wọ̀. Mo rò pé ìkánjú ni, àfi ìgbà tí mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó wú, ó ń dán, ọrùn ẹsẹ̀ ò hàn mọ́. Tirẹ̀ ò gbà á mọ́, ló bá wọ ti ọkọ rẹ̀.

"Àǹtí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Orí náà ń fọ́ mi." Inú oko kòkó ni wọ́n ń gbé. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, owó ọ̀kadà ti wọ́n, wọ́n sì ń dúró kí wọ́n ta kòkó ná.

Àyà mi já. Ẹsẹ̀ wíwú pẹ̀lú orí fífọ́ nínú oyún lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í dúró de owó kòkó! Torí irú èyí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò Abiyè, ètò ìtọ́jú aboyún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2009, tí wọ́n sì fún aboyún ní fóònù nígbà náà láti pe òṣìṣẹ́ ìlera.

Mo sìn ín dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga gan-an, kíá ni wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì.

Sálúbàtà yẹn ò kúrò lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé, ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?