Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Rò Pé Jésù Ti Kó Wa Lọ

Ọdún 1988 ni. Mo ti ìpàdé àdúrà dé nírọ̀lẹ́, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ilé pa rọ́rọ́. Ìyá wa ti lọ wo aládùúgbò wa kan tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni mo ti bá àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó káwọ́ mọ́ orúnkún, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó pe ìyá wa, kò gbọ́ ohùn. Ó pe èmi náà, kò gbọ́ ohùn. Nígbà tó rí mi, kò sáré wá dì mọ́ mi. Ó kàn ń wò mí, ó wá ní: "Àǹtí mi, ṣé wọ́n fi ẹ̀yin náà sílẹ̀ ni?"

Èmi ni mo kọ́ ọ. Alaalẹ́ ni mo ń sọ fún un pé ẹni méjì yóò wà lórí ibùsùn kan, a ó mú ọ̀kan, a ó fi èkejì sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tí yóò ráyè dágbére fún ẹnì kejì. Mo rò pé mò ń gbin ìgbàgbọ́ sí i lọ́kàn.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀ àti bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, torí mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ ọ̀nà kan náà lónìí, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń gbọ́ tiwọn tọ̀sán tòru.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Ọkùnrin kan ló ń kọ́ wa ní Bíbélì, onífọkànsìn ènìyàn tó ń gbààwẹ̀, tó mọ orí àti ẹsẹ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó ya àwòrán gígùn kan sára ògiri, láti ìwé Dáníẹ́lì dé ìwé Ìfihàn, ó sì kọ orúkọ ìjọba kan síwájú ẹranko kọ̀ọ̀kan àti ìwo kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Jésù ní kí a kọ́ òwe lára igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ní ìran yìí kì yóò rékọjá títí gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò fi ṣẹ. Olùkọ́ wa ní Ísírẹ́lì ni igi ọ̀pọ̀tọ́ náà, pé ọdún 1948 tó di orílẹ̀-èdè ló rúwé, pé ogójì ọdún sì ni ìran kan. Fi 40 kún 1948. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣírò bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ìṣirò yìí wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníwàásù ní ilẹ̀ tó pọ̀.

Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi lọ́dún náà. Mi ò kọ ọ́. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ṣe nígbà tí ayé ò ní ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́? Ìyá mi bẹ̀ mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, bí Jésù bá dé bá ọ nílé ẹ̀kọ́, ṣé kò ní mọ̀ ọ́ níbẹ̀ ni?" Mo pè é ní onígbàgbọ́ ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lójú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọdún 1989 dé. Olùkọ́ wa dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ọdún 1967 ló yẹ ká ti máa kà á bọ̀, ìgbà tí ọmọ ogun Ísírẹ́lì gba ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù. Ìyẹn gbé wa dé 2007. Àwọn mìíràn wá fi Sáàmù 90 sọ pé àádọ́rin tàbí ọgọ́rin ọdún ni ìran kan; ìyẹn sún un dé 2018 tàbí 2028. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, wọn a sún òpó síwájú. Kò sí ẹni tó padà wá bi àwa tí a ti fi nǹkan sílẹ̀ pé báwo la ṣe ń ṣe sí.

Ìyá àgbà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló pè mí jókòó. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ta ni Jòhánù kọ ìwé Ìfihàn sí?"

Mo ní, "Àwa ni, mà. Àwa tí ìgbà ìkẹyìn dé bá."

Ó ní kí n ṣí orí kìíní, kí n kà á sókè. Mo kà á: sí ìjọ méje tó wà ní Éṣíà. Éfésù, Símínà, Págámù, Tíátírà, Sádísì, Filadẹ́fíà, Laodíkíà. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà, ojú mi ò gbé e rí. Ó ní, "Ẹni tó wà ní Símínà, tí Jésù sọ fún pé wọn yóò ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n, òun ló kọ́kọ́ gba lẹ́tà yìí. Bí ohun tí o ń kọ́ àwọn èèyàn bá jẹ́ ohun tí kò lè ran ẹni yẹn lọ́wọ́ rárá, wò ó dáadáa bóyá lẹ́tà rẹ̀ lo ń kà."

Ọ̀rọ̀ yìí ló yí ìwé kíkà mi padà. Ẹ wo iye ẹranko náà, 666. Wọ́n ti sọ fún wa pé inú àwọn ìlà dúdú tó wà lára páálí ọjà ló wà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní káàdì báǹkì ni, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìfihàn 13:18 wí ni pé kí ẹni tó ní òye ka iye náà. Jòhánù retí pé àwọn tó ń gba lẹ́tà rẹ̀ lè kà á. Lédè Hébérù, lẹ́tà ábídí náà ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Bí a bá kọ Neron Kesar, ìyẹn Nérò Késárì, olú ọba Róòmù, ní lẹ́tà Hébérù, 50, 200, 6 àti 50 ni Neron. 100, 60 àti 200 ni Kesar. Ẹ ro ó pọ̀, 666 ni. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan tiẹ̀ wà tó kọ 616 dípò 666, 616 gan-an ni yóò sì jẹ́ bí a bá yọ N ìgbẹ̀yìn kúrò lára Neron, bí wọ́n ti ń pe orúkọ náà lédè Látìn. Nérò yìí ló dojú inúnibíni kọ àwọn Kristẹni ní Róòmù lẹ́yìn iná ọdún 64.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà parí sọ́dọ̀ Nérò. Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún gbà pé ẹranko mìíràn tó jọ ọ́ ń bọ̀ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 180, ti gbìyànjú oríṣiríṣi orúkọ lára nọ́ńbà yìí, ó wá ní òun ò ní fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìkankan, torí pé bó bá ṣe pàtàkì kí a mọ orúkọ náà nígbà tòun ni, ẹni tó rí ìran náà ì bá ti sọ ọ́. Ẹni tó sún mọ́ ìgbà Jòhánù tó bẹ́ẹ̀ dákẹ́, èmi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń dárúkọ ààrẹ orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà "Aṣòdì sí Kristi" kò tilẹ̀ sí nínú Ìfihàn. Inú lẹ́tà Jòhánù ló wà, níbi tó ti wí pé ọ̀pọ̀ wọn ti dé ná.

Mátíù 24 ló jẹ́ kí n sunkún. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń fi ilé tẹ́ḿpìlì han Jésù, ó ní a kì yóò fi òkúta kan sílẹ̀ lórí ìkejì, wọ́n wá bi í ìgbà wo. Nínú ìwé Lúùkù ó sọ ọ́ kedere: bí ẹ bá rí i tí ogun yí Jerúsálẹ́mù ká, kí àwọn tó wà ní Jùdíà sá lọ sórí òkè. Lọ́dún 70, àwọn ọmọ ogun Róòmù lábẹ́ Títù wó tẹ́ḿpìlì náà. Láti ìgbà tí Jésù sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ọdún 70, nǹkan bí ogójì ọdún ni. Ogójì ọdún tí a ń fà láti 1948, àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ti fojú ara wọn rí i, àwọn tó fetí sí ìkìlọ̀ sì ní ìdí láti sá. Orí náà kò tán síbẹ̀, torí ó sọ̀rọ̀ Ọmọ ènìyàn tí yóò wá nínú ìkùukùu, ibẹ̀ sì ni àwọn olùtumọ̀ ti ń pínyà. Lójú tèmi, Jésù so ìparun ìlú kan àti ìdájọ́ gbogbo ayé pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, èyí àkọ́kọ́ sì jẹ́ ẹ̀rí fún èyí tó ń bọ̀.

Ẹgbẹ̀rún ọdún ìjọba Kristi tí a ń tìtorí rẹ̀ pín ìjọ, orí kan péré, Ìfihàn 20, ló wà. Justin Ajẹ́rìíkú, Kristẹni òǹkọ̀wé kan, gbà ní ọ̀rúndún kejì pé Kristi yóò jọba ní Jerúsálẹ́mù fún ẹgbẹ̀rún ọdún, òun kan náà ló sì wí pé ọ̀pọ̀ Kristẹni tòótọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Àríwá Áfíríkà, sọ pé ìgbà ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni ẹgbẹ̀rún ọdún náà. Ní ti ìgbàsókè ìkọ̀kọ̀ ṣáájú ìpọ́njú ńlá, ìyẹn ẹ̀kọ́ pé Jésù yóò kó àwọn tirẹ̀ lọ sọ́run lójijì kí ìyà ìgbà ìkẹyìn tó dé, èyí tí mo fi ń dẹ́rù ba ọmọdé, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjọ ti gbà á láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1830 ni oníwàásù kan, John Nelson Darby, bẹ̀rẹ̀ sí tan ẹ̀kọ́ yẹn kálẹ̀, Bíbélì Scofield, tó ní àlàyé nínú, tó jáde lọ́dún 1909 sì gbé e dé ọ̀pọ̀ ilé. Mo ní ọ̀rẹ́ tó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, a jọ ń sin Ọlọ́run. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹni tí kò bá gbà á bẹ́ẹ̀ kò gba Bíbélì gbọ́.

Bí ẹnì kan bá sì mú ọjọ́ ìpadàbọ̀ Jésù wá, ẹ rántí William Miller. Àgbẹ̀ ni ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe oníjìbìtì. Ó ka 2300 ọjọ́ inú Dáníẹ́lì 8:14, ó sọ ọjọ́ kan di ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 457 ṣáájú Kristi, ó sì dé nǹkan bí ọdún 1843. Nígbà tí ìyẹn kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá 1844, òun náà sì gbà. Àwọn kan fi irè sílẹ̀ sóko láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn nínú ẹkún. Ìdààmú yẹn yé mi. Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láé, torí ìfẹ́ Jésù ló gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù náà ló wí pé Ọmọ pàápàá kò mọ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, Diutarónómì 18:22 ti sọ bí a ó ṣe ṣe sí wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ: má bẹ̀rù rẹ̀. Kọ fọ́ọ̀mù rẹ. Gbin oko rẹ. Pọ́ọ̀lù gbọ́ pé àwọn kan ní Tẹsalóníkà ń rìn ségesège, wọn ò ṣiṣẹ́, àwọn kan sì ti ń sọ níbẹ̀ pé ọjọ́ Olúwa ti dé. Ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ ara wọn.

Ọdún méjì ni mo fi wá àyè kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ṣeé san padà. Èyí tí kò ṣeé san ni ti àbúrò mi. Nígbà tó dàgbà ni mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá wọlé tí ilé pa rọ́rọ́, bàtà ìyá wa ló kọ́kọ́ ń wò. Bí bàtà ò bá sí lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé wọ́n kàn jáde ni. Bó bá bá bàtà níbẹ̀, tí ìyá wa kò sì dáhùn, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ibòmíràn tí mo tún fi ń dẹ́rù bà á nígbà yẹn, 1 Tẹsalóníkà 4, ẹ lọ wò ó láti ẹsẹ 13. Àwọn tí èèyàn wọn kú ni Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí. Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n rò pé òkú wọn ti pàdánù ìpadàbọ̀ Olúwa. Ó ní rárá, àwọn ni yóò kọ́kọ́ jíǹde, a ó sì jọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí láé. Ẹsẹ 18 ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara wọn nínú. Mi ò ka ẹsẹ 18 fún àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan rí ní gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nísinsìnyí, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa kú, àbúrò mi ló yan ibi tí a ó kà. Ibẹ̀ náà ni. Ó ní èmi ni kí n kà á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo kà á láti ẹsẹ 13 dé 18, mo pa Bíbélì dé. Ó fọwọ́ kàn mí lápá, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ tún un kà."