Àbọ̀ Ọdẹ Ni Kí Ẹ Fi Yan Bàtà

Nígbà tí ọdẹ bá ń lọ, ara rẹ̀ fúyẹ́: ìbọn, ọ̀bẹ, omi àti oúnjẹ díẹ̀ ni. Nígbà tó bá ń bọ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ba ẹran, ẹrù tó tó 20 sí 30 kílò lè ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, orúnkún ti ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ti wú, òkè tó gùn láàárọ̀ ló sì kù tí yóò sọ̀. Bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ní àlọ lè bọ́ èékánná ọmọ ìka ní àbọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi àlọ yan bàtà, torí bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí níwájú olùtajà nìyẹn: ó ti sinmi, kò wú, kò ru nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká rin ìrìn ọjọ́ kan ní ilẹ̀ olókè àti olókùúta, láti ìdájí títí di alẹ́, ká máa wo ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan ń bèèrè lọ́wọ́ bàtà.

Ìdájí, nínú ìrì

Ìrì lè rẹ ẹsẹ̀ ọdẹ ju òjò lọ. Bí ẹ bá fi wákàtí kan rìn nínú koríko gígùn ní ìdájí, ewé kọ̀ọ̀kan ni yóò nu omi tirẹ̀ mọ́ bàtà yín lára. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ ń mọ irú awọ tí wọ́n fi ṣe é.

Awọ odindi ni kí ẹ wá, èyí tí ojú rẹ̀ òde, níbi tí irun ẹran ti hù, ṣì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni awọ ti ki jù. Fún ilẹ̀ olókùúta, kó nípọn tó mìlímítà 2.4 sí 3. Awọ tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n wá fi ọ̀dà tàbí ike bo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, máa ń dán nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bí àpáta bá ti ha ohun tí wọ́n fi bò ó kúrò, omi ò ní í pẹ́ wọlé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò: awọ odindi sábà máa ń ya ìlà wínníwínní yí ibi tí ẹ tẹ̀ ká, èyí tí wọ́n fi ike bò kàn máa ń tẹ̀ wọnú ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú ìrán. Ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ihò tí omi lè gbà, òwú tó bá sì yọ síta ni òkúta máa kọ́kọ́ já. Bàtà tí awọ kan ṣoṣo yí iwájú rẹ̀ ká sàn ju èyí tí wọ́n fi ègé mẹ́fà rán pọ̀. Ibi tó burú jù kí ojú ìrán wà ni ibi tí bàtà ti ń ká, lẹ́yìn ọmọ ìka. Ẹ wo ahọ́n bàtà náà pẹ̀lú: awọ rírọ̀ kan gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibi tí ìsopọ̀ yẹn bá ga dé ni odò lè jìn dé kí omi tó wọlé, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Bí rọ́bà bá yí etí ìsàlẹ̀ ká ní ìwọ̀n ìka méjì, òun ni yóò máa jẹ ìyà òkúta mímú dípò awọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan Gore-Tex àti àwọn irú rẹ̀, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà. Ihò ara rẹ̀ kéré débi pé ẹ̀kán omi ò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ooru òógùn lè gbà á jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí òde bá tutù ju inú bàtà lọ. Níbi tí oòrùn mú, tí afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin, òógùn ò ríbi gbà, ẹsẹ̀ á kàn máa sè nínú bàtà ni. Bí omi odò bá sì gba ẹnu bàtà wọlé, awọ kan náà tó ń lé omi síta ni yóò há a mọ́nú. Ní tèmi, ilẹ̀ tútù tí òjò rẹ̀ kì í dá nìkan ni mo ti ń gbà kí èèyàn rà á. Ní ilẹ̀ gbígbóná tí ẹ ó ti máa la odò kọjá, awọ lásán, tàbí awọ tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, yóò tètè gbẹ. Búùtù rọ́bà tó dé orúnkún dára nínú àbàtà, kì í sì í gba òórùn sára bí awọ, àmọ́ kò di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ẹ má gbé e gun òkè.

Ìgòkè

Bí òkè bá bẹ̀rẹ̀, gìgísẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ké. Ẹsẹ̀ ń ká, bàtà líle ò bá a ká, gìgísẹ̀ á wá máa gbéra nínú bàtà, á tún máa bọ́ padà. Bó ṣe ń ha ara rẹ̀ mọ́ bàtà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òógùn àti ooru, ló ń mú kó léròrò. Bó bá gbéra ní mìlímítà 3 sí 5 nínú bàtà tuntun, kò burú, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì rọ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti fa okùn le, ẹ dá a padà.

Okùn bàtà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Níbi tí ojú ẹsẹ̀ ti pàdé ojúgun, ẹ lọ́ okùn méjèèjì mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fà á le, kí ẹ tó máa dè é lọ sókè. Ìdè yìí á ti gìgísẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bàtà, kò sì ní í jẹ́ kí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ okùn máa fa ara wọn. Ní ìgòkè, ẹ dẹ apá òkè díẹ̀ kí ojúgun lè tẹ̀ síwájú. Bó bá di ìsọ̀kalẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un dè, ẹ fà á le dáadáa. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, òun ló sì ń gba èékánná là.

Ẹ ronú sí ìwúwo pẹ̀lú. Àwọn tó ti wọ̀n ọ́n rí i pé kílò kan ní ẹsẹ̀ máa ń gba agbára tó tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ohun tí kílò kan ní ẹ̀yìn ń gbà, nítorí gbogbo ìgbésẹ̀ la ń gbé e sókè. Búùtù olókè tó lágbára sábà máa ń wọ̀n tó kílò 1.5 sí 2 ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tàbí òkè kéékèèké, ẹ má ṣe ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ̀gbẹ́ òkè

Rírìn gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá ló ń fi bàtà rírọ̀ hàn. Ìdajì ìsàlẹ̀ bàtà wà lórí òkúta, ìdajì kejì wà lófuurufú. Bí ìsàlẹ̀ bá rọ̀, á yí sí ẹ̀gbẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á sì máa ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí bàtà ṣe. Ẹ di iwájú bàtà mú lọ́wọ́ kan, ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì, ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Bàtà òkè kò gbọdọ̀ lọ́ ju díẹ̀ lọ. Ohun tó ń mú un le ni pátákó irin, ike tàbí gíláàsì olówùú tó wà láàárín ìsàlẹ̀. Ọrùn bàtà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 tó fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Èyí tó tó 25 wà fún òkè tó dúró ṣánṣán, ó sì ń mú ooru.

Fọ́ọ̀mù tó wà láàárín ìsàlẹ̀ pín sí oríṣi méjì. EVA fúyẹ́, ó rọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo máa ń tẹ̀ ẹ́ pa, kì í sì í wú padà. Polyurethane wúwo jù ú lọ, ó sì ń fara da ẹrù fún ìgbà pípẹ́. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ láti inú, kódà bí bàtà bá wà nínú páálí láìwọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lè rún bí búrẹ́dì gbígbẹ lójijì, kí ìsàlẹ̀ já sílẹ̀ lórí òkè. Nítorí náà, bàtà tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, tí wọ́n wá ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ní ti rọ́bà tó ń kanlẹ̀, ikú ló kọ́ àwọn agunkè lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1935, ìjì bá àwọn kan tó ń gun Punta Rasica ní òkè Alps ti Ítálì, mẹ́fà nínú wọn sì kú. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ò yẹ irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn, Vitale Bramani, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìsàlẹ̀ tó lè di àpáta àti yìnyín mú, nígbà tó sì di 1937, ó ti gbé rọ́bà eléyín jáde. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú Vibram títí di òní. Ẹ wá eyín tó jìn tó mìlímítà 4 sí 5, tí àlàfo àárín wọn fẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè já bọ́, àti gìgísẹ̀ tó ní àtẹ̀gùn mímú níwájú: òun ni bíréèkì yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ ń di àpáta tútù mú, ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ. Èyí tó le ń pẹ́, ó sì ń yọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe so ìsàlẹ̀ mọ́ awọ. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ aránbàtà kì í sábà lè pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n rán mọ́ etí awọ yíká ṣeé tú, ó ṣeé fi ìsàlẹ̀ tuntun sí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ibi ìjókòó

Bí ẹ bá jókòó ṣọ́ ẹran nínú òtútù, ẹsẹ̀ tó ti làágùn ni yóò kọ́kọ́ dì. Iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára bàtà, 200, 400 tàbí 800, jẹ́ ìwúwo òwú amúgbóná tó wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹni tó ń rìn púpọ̀ kò nílò ju 200 lọ. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan nínú àpò, tí ẹ ó pààrọ̀ kí ẹ tó jókòó, ń ṣe ju òwú tó nípọn lọ. Ìbọ̀sẹ̀ náà kó jẹ́ irun àgùntàn. Òwú lásán ń mu òógùn, ó sì ń dì í mọ́ awọ ẹsẹ̀.

Àbọ̀

Ibi tí gbogbo bàtà ti ń yege tàbí kùnà rèé. Ẹ ra bàtà nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ọdẹ yín. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìdúró, kí ẹ tẹ̀lé èyí tó tóbi jù. Irin tí Charles Brannock ṣe fún wíwọn ẹsẹ̀ ń fúnni ní ìwọ̀n mẹ́ta: gígùn, fífẹ̀, àti láti gìgísẹ̀ dé kókó tó wà nídìí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ìwọ̀n kẹta yìí ni wọ́n ń fojú fò. Ẹni méjì lè ní gígùn kan náà, kí ẹsẹ̀ wọn má ká síbì kan náà, bàtà tó bá sì ń ká níbi tí ẹsẹ̀ kì í ká yóò máa gún un.

Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà, ẹ dúró lé e lórí. Kó ku sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5 níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, kí ẹran ara ẹsẹ̀ má sì kún kọjá ẹ̀gbẹ́. Ẹ dá a padà, ẹ wọ bàtà láìde okùn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ ìka yóò fi kan iwájú bàtà. Ìka ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ó ti tóbi. Nígbà náà ni kí ẹ dè é, kí ẹ gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí pákó tó dagẹ̀rẹ́, kí ẹ sì fi iwájú bàtà gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí ọmọ ìka bá kan iwájú, ẹ má sáré lọ mú èyí tó gùn jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé gígùn kọ́ ló fà á: bàtà ò di ojú ẹsẹ̀ mú lókè, ẹsẹ̀ wá ń yọ̀ síwájú. Èyí tó gùn jù yóò tún jẹ́ kó yọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìtẹ́lẹ̀ tó nípọn, tàbí bàtà míì tí wọ́n mọ lórí igi tó rí bí ẹsẹ̀ yín. Nọ́ńbà kì í ṣe òfin: ìpele kan nínú nọ́ńbà Yúróòpù jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6.7, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bí 8.5, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní igi tirẹ̀.

Bàtà tuntun kì í bá ọdẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé fún wákàtí kan lójúmọ́, torí bàtà tí kò tíì kan erùpẹ̀ ṣì ṣeé dá padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kìlómítà 2 sí 3, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹrù, títí yóò fi tó kìlómítà 50 ó kéré tán. Ẹ má rì í sómi gbígbóná nítorí pé ẹ fẹ́ kó tètè rọ̀. Awọ á fà, gọ́ọ̀mù á sì tú.

Alẹ́

Iná ibùdó ti pa bàtà ju òkúta lọ. Awọ tútù tó bá sún mọ́ iná á le, á sán, gọ́ọ̀mù á rọ̀. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀, ẹ tú okùn dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń mu omi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò, nítorí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ awọ ń fa òróró inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí awọ bá gbẹ tán, ẹ fi ìda oyin pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó pọ̀ díẹ̀ lójú ìrán. Òróró àpọ̀jù ń sọ awọ di aṣọ, kò sì ní í di ọrùn ẹsẹ̀ mú mọ́.

Nínú àpò, ẹ ní okùn bàtà kan tó lé àti okùn tín-ínrín tó lágbára, mítà méjì. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣí lójú ọ̀nà, ẹ yí okùn náà ká iwájú bàtà, kó wọ inú àlàfo eyín rọ́bà kí òkúta má bàa tètè já a, kí ẹ sì gbé e kọjá sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ kó má bàa yọ. Kí ẹ tó jáde nílé ní ìgbà míì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fọ́ọ̀mù náà yíká. Bó bá ya ìlà tàbí tó bá ń rún, bàtà yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nílé.