Abẹ́rẹ́ àrùn ipá kì í ṣe ti ìyá nìkan

Lára àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí aláboyún ń gbà ní Nàìjíríà, èyí tí ń dènà àrùn ipá ni mo rò pé a kì í ṣàlàyé tó. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbà pé ara tiwọn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, bẹ́ẹ̀ ọmọ inú wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò àrùn yìí wà. Bí wọ́n bá fi abẹ tí kò mọ́ gé ìwọ́ ọmọ, tàbí tí wọ́n fi ohun ìdọ̀tí sí ojú ìwọ́ náà, ó lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ tí ó mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́ á wá kọ ọmú, ẹnu rẹ̀ á dì, ara rẹ̀ á le gbagidi, ikú ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Èròjà ààbò tí abẹ́rẹ́ náà dá sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ kí a tó bí i.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí aláboyún tí kò gbà á rí, tàbí tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́, gba méjì, kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 wà láàárín wọn, kí èkejì sì ṣáájú ìbímọ ní ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. Ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún á sì fi ọdún kọ̀ọ̀kan tàbí oyún mìíràn jìnnà síra. Ẹni tí ó bá gba máràrùn-ún ti ní ààbò fún gbogbo ọdún ìbímọ rẹ̀.

Káàdì ni ìlànà yìí gbára lé, káàdì sì ń sọnù. Obìnrin kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Èkó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Mi ò gbà pé òun nìkan ló yẹ kí ẹrù àkọsílẹ̀ yìí máa wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo lè yẹ̀ wò. Bákan náà, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni ọ̀pọ̀ ń lọ, nítorí náà kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa gbé abẹ́rẹ́ lọ bá wọn níbẹ̀, láìsí èébú.

Ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù 8 kó tó forúkọ sílẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ padà sílé lásán: kí wọ́n gún un ní àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì dá ọjọ́ èkejì fún un.